Olùrànlọ́wọ́ Aláìsàn nínú Bàálù àti Òfin

Ìró bàálù kì í ṣe ohun tuntun létí àwọn ará Ire-Akari ní Ìsọlọ̀, nítorí pápá ọkọ̀ òfúrufú Murtala Muhammed kò jìnnà sí wọn. Ó yẹ kí olúkúlùkù wọn mọ ohun tí ó tọ́ láti ṣe bí àìsàn òjijì bá kọ lu èrò kan lókè, níbi tí kò sí ilé-ìwòsàn.

Èkíní, kí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i pe òṣìṣẹ́ inú bàálù. Àpótí oògùn àti ọ́síjìn wà níkàáwọ́ wọn. Ọ̀gá awakọ̀ ni ó láṣẹ láti pinnu bóyá kí bàálù sọ̀ sí ìlú mìíràn.

Èkejì, kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tí ó wà láàrin èrò sọ iṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì ṣe ìwọ̀n tí ó mọ̀. Bí aláìsàn kò bá dáhùn, tí kò sì mí dáadáa, kí a fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ kíkankíkan, ní ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ̀kẹta, kí olùrànlọ́wọ́ wọ ìbọ̀wọ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, èrò kan tí ó ti Liberia wá ṣubú lulẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfúrufú yìí kan náà. Àrùn Ebola ni. Dókítà Ameyo Adadevoh, tí kò jẹ́ kí aláìsàn náà kúrò ní ilé-ìwòsàn, wà lára àwọn tí àrùn náà pa. Ènìyàn 20 ni ó mú ní Nàìjíríà. 8 nínú wọn kú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa bẹ̀rù pé, bí aláìsàn bá kú mọ́ àwọn lọ́wọ́, ẹjọ́ ni yóò kàn. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1998 sọ pé, ní kóòtù ilẹ̀ náà, a kò lè gba owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ ẹni tí ó ran aláìsàn lọ́wọ́ nínú bàálù, àfi bí àìbìkítà rẹ̀ bá burú jọjọ, tàbí bí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ibi.

Lórí ilẹ̀ Nàìjíríà, Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ka á léèwọ̀ fún oníṣègùn láti kọ ẹni tí ó wà nínú ewu ikú. Òfin ọdún 2017 sì pàṣẹ pé kí a má ṣe fi ìbéèrè tí kò yẹ dààmú ẹni tí ó gbé ẹni tí ìbọn bà wá fún ìtọ́jú.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó ní ìmọ̀ má ṣe fi ara pamọ́ nígbà tí a bá ń pè é. Ẹni tí ó fi òótọ́ inú ṣe ìwọ̀n tí ó mọ̀ kò ní ìdí láti sá.