BÍ A ṢE Ń RA TÍKẸ́Ẹ̀TÌ BÀÁLÙ ÀTI BÍ A ṢE Ń YAN ÀGA TÓ DÁRA

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ jọ kọ́ lọ́tẹ̀ yìí kò sí nínú ìwé olùkọ́ kankan, àmọ́ àìmọ̀ rẹ̀ ti gba owó gidi lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí.

Ní oṣù Kejìlá ọdún kan, ọ̀kan nínú wa fẹ́ lọ síbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Ìbàdàn. Owó àjọ tí ìyá rẹ̀ kó ni wọ́n fi ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún un láti Kánò sí Èkó. Alágbàtà kan ló bá wọn rà á, orúkọ ìnagijẹ tí gbogbo wa fi ń pè é nínú ọgbà ni ó sì kọ sílẹ̀. Nígbà tí ọmọkùnrin yìí dé pápákọ̀ òfúrufú, orúkọ ara káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ kò bá ti inú tíkẹ́ẹ̀tì mu. Wọ́n ní kí ó lọ tò sórí ìlà kejì kí wọ́n lè tún un ṣe. Kí ó tó kàn án, wọ́n ti ti káńtà. Ọjọ́ kejì ló tó rí bàálù mìíràn wọ̀, pẹ̀lú àfikún owó. Nígbà tí yóò fi dé Ìbàdàn, ìkòkò àsè ni wọ́n ń fọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọlọ́rọ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Nígbà kan, bọ́ọ̀sì alẹ́ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní Òkè Ọya fi ń lọ sílé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti gba ojú ọ̀nà, pàápàá lẹ́yìn ìkọlù tí wọ́n ṣe sí ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022, ọ̀pọ̀ òbí ló ń sọ pé àwọn yóò kúkú jẹ gbèsè ju kí ọmọ àwọn sun inú igbó lọ. Ìbàlẹ̀ ọkàn ni wọ́n ń fi owó náà rà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí iye owó. Àwọn tí ó jọ wọ bàálù kan náà lè má san iye kan náà. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú a máa pín àga sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì máa ń wà ní iye tí ó kéré jù. Bí wọ́n bá ti ta ìyẹn tán, iye tí ó ga jù ú lọ ló kù, bẹ́ẹ̀ àga kò yàtọ̀ sí àga. Ní ọjà tiwa, alẹ́ ni ẹ̀fọ́ ń di ọ̀pọ̀. Ti bàálù kò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá pẹ́ ló ń ra ọ̀wọ́n. Nítorí náà, gbàrà tí àtẹ ìdánwò bá ti jáde ni kí ẹ ti máa wo iye tíkẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n a ní láti fi ọ̀rọ̀ kan kún un: tíkẹ́ẹ̀tì tí owó rẹ̀ kéré jù ni ó máa ń le jù láti yí padà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ṣeé gba owó rẹ̀ padà bí ẹ kò bá lọ mọ́. Gbogbo wa ni a sì mọ bí àtẹ ìdánwò ilé ìwé wa ti ń yí. Ní tiwa, ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìdánwò ìkẹyìn ni a máa ń rà á sí. Bí ẹ bá lè yẹra fún ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àìkú, owó náà sábà máa ń dín díẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni àsìkò. Bàálù tí ó kọ́kọ́ gbéra ní òwúrọ̀ ni a fẹ́ràn jù, nítorí bàálù kan ṣoṣo lè ná ìlú mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójúmọ́. Bí ó bá pẹ́ ní ìlú àkọ́kọ́, gbogbo ìlú yòókù ni yóò jìyà rẹ̀, ẹni tí ó bá ra ti ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo ìdádúró náà yóò já lé lórí. Ewu mìíràn tún wà nínú ti ìrọ̀lẹ́: ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfúrufú ní Nàìjíríà ni kò ní iná tí bàálù lè fi balẹ̀ lóru. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ó parí nìyẹn. Àmọ́ àsìkò ọyẹ́ a máa da ìmọ̀ràn yìí rú. Láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kejì, eruku aṣálẹ̀ a máa bo ojú sánmà Òkè Ọya, awakọ̀ kò ní rí ilẹ̀ dáadáa láàárọ̀ kùtù, bàálù a sì máa dúró de oòrùn. Nígbà ọyẹ́, èyí tí yóò gbéra ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá ni a máa ń rà. Kò yá jù, kò sì pẹ́ jù. Ẹni tí ó bá ní ìgbéyàwó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ó má ṣe fi ìrìn rẹ̀ sí ọjọ́ Ẹtì.

Ti orúkọ kò gba àlàyé púpọ̀. Bí ó ṣe wà lára káàdì ìdánimọ̀ yín ni kí ẹ kọ ọ́, lẹ́tà sí lẹ́tà, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó. Bí alágbàtà ni ó bá yín rà á, ẹ gba àmì lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́fà tí iléeṣẹ́ náà fi ń dá tíkẹ́ẹ̀tì mọ̀, kí ẹ fi wò ó fúnra yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Pápákọ̀ òfúrufú Èkó ní ju ilé ìwọkọ̀ kan lọ fún ìrìn àjò abẹ́lé. MM2 tí wọ́n ṣí ní ọdún 2007 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ bèèrè èyí tí iléeṣẹ́ tiyín ń lò nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀. Ẹ sì wọn ẹrù yín nílé. Gàrí kì í fúyẹ́.

Ó wá kan àga. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa máa ń sọ ọ́ pé láyé Nigeria Airways, iléeṣẹ́ tí ó kógbá sílé ní ọdún 2003, eré ni wọ́n ń sá la pápá kọjá lọ bá bàálù, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yá ni yóò rí àga. Lónìí, nọ́ńbà àga wà lára káàdì ìwọkọ̀. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló ń jẹ́ kí èrò yan àga fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó jáde nílé. Ẹni tí kò bá yàn án, èyí tó bá ṣẹ́kù ni wọn yóò fún un.

Nínú Boeing 737, àga mẹ́ta wà lápá òsì, mẹ́ta lápá ọ̀tún. A àti F ni ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, C àti D ni ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àárín, B àti E ni ti ẹni tí ó pẹ́ kí ó tó yàn. Ní ti Embraer 195-E2 tí Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í gbà ní ọdún 2021, àti CRJ-900 tí Ibom Air fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2019, méjì-méjì ni àga wọn, kò sí ti àárín rárá. Bí owó wọn bá jọra, irú èyí ni kí ẹ wọ̀.

Ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń já, kí ó jókòó sí ìtòsí ìyẹ́. Ẹni tí ó ti jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá nínú bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà tí kò dára yóò yé e: ẹ̀yìn ni ó ń fò jù. Bẹ́ẹ̀ ni ti bàálù, nítorí ìyẹ́ ni ó gbé e dúró. Ẹ̀ńjìnnì Boeing wà lábẹ́ ìyẹ́, ariwo rẹ̀ sì kéré ní iwájú. Ti CRJ wà ní ìdí, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣeé sùn. Àga tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pàjáwìrì lórí ìyẹ́ fẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, àmọ́ wọn kì í fi ọmọdé tàbí aláboyún síbẹ̀, nítorí ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ ni yóò ṣílẹ̀kùn bí nǹkan bá ṣe. Ìlà tí ó gbẹ̀yìn pátápátá wà nítòsí ilé ìyàgbẹ́, ẹ̀yìn àga ibẹ̀ kì í sábà ṣeé tẹ̀. Síbẹ̀ kò burú pátápátá: níbi tí wọ́n bá ti gbé àkàbà sí iwájú àti ẹ̀yìn, àwọn ará ẹ̀yìn a máa tètè sọ̀ kalẹ̀ ju àwọn ará àárín lọ.

Ẹ̀tàn kan wà nínú Boeing 737 tí ó ti mú ọ̀kan nínú wa. Lápá òsì, níwájú ìyẹ́ díẹ̀, ọ̀pá afẹ́fẹ́ tútù gba inú ògiri kọjá, kò sì sí fèrèsé níbẹ̀. Ẹni wa yìí yan A, ògiri ló ń wò láti Kánò dé Èkó. Oòrùn náà tún wà níbẹ̀ láti rò. Bí ẹ bá ń lọ sí Èkó láàárọ̀, apá òsì ni yóò máa ràn sí. Bí ẹ bá ń padà bọ̀ láàárọ̀, apá ọ̀tún ni. Ẹni tí ó bá jókòó sápá òjìji yóò rí Odò Ọya dáadáa nígbà tí bàálù bá ń kọjá lórí rẹ̀.

Bí bàálù bá pẹ́ ńkọ́? Apá 19 nínú òfin ìrìnnà òfúrufú Nàìjíríà ti ọdún 2023 sọ ọ́ kedere. Bí ìrìn àjò abẹ́lé bá fi wákàtí kan pẹ́, kí wọ́n fún èrò ní ìpápánu. Bí ó bá di wákàtí méjì, èrò lè ní kí wọ́n dá owó òun padà. Bí ìdúró náà bá wọ agogo mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́rin ìdájí, kí wọ́n wá ibi tí yóò sùn fún un. Àwọn òṣìṣẹ́ NCAA máa ń wà ní pápákọ̀ òfúrufú láti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn èrò. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sọ̀rọ̀, ẹ mú káàdì ìwọkọ̀ yín dání, kí ẹ sì kọ àkókò gbogbo sílẹ̀.

Ẹni tí kò bá tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù rí láàárín wa, kí ó mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ tí ó ń bọ̀. A óò jọ kọ orúkọ náà, ẹni méjì yóò sì kà á lójú ara wọn kí a tó sanwó.