Ẹ̀kọ́ Kejìdínlógún: Ajá Àgbà Tí Ó Ń Tiro

Iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ọdẹ kò ṣàjèjì sí àwọn ará Igbó-Ọrà. Ní ìlú yìí, àti ní Èrúwà, Lànlátẹ̀, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgàngàn, èyí tí a ń pè lápapọ̀ ní Ìbàràpá méje, ajá kì í ṣe ẹran ọ̀sìn lásán. Òun ni ó ń gbóòórùn ẹran nínú igbó. Òun ni ó ń lé ọ̀yà jáde kúrò nínú koríko. Ní òru, òun náà ni ó ń gbó nígbà tí olè bá yọjú.

Ṣùgbọ́n ajá a máa darúgbó. Ajá tí ó bá ti pé ọdún 8 ti di àgbà. Ewú a máa hù yí ẹnu rẹ̀ ká.

Ẹ jẹ́ kí a wo irú ajá ọdẹ bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ó dìde ní ìdí ààrò, ó sì ń tiro. Ó ń gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sókè díẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi máa ràn, ó ti ń rìn dáadáa. Ó tó ọjọ́ 3 kí ó tó tún tiro. Nígbà tí ó bá ọdẹ lọ sí igbó tí wọ́n sì dé, ó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ní, “Ẹ̀tàn ni, kò fẹ́ lọ sí igbó ni.” Àwọn mìíràn ní kí a yára tà á fún àwọn tí yóò fi bọ Ògún, kí ó tó di aláìwúlò. Báyìí ni a ṣe ń pàdánù ajá rere tí ìtọ́jú díẹ̀ ì bá ràn lọ́wọ́. Kì í ṣe ẹ̀tàn rárá. Ajá kì í dédé tiro.

Oríkèé ni ibi tí eegun méjì ti pàdé. Ohun rírọ̀ kan tí ó ń dán bo orí àwọn eegun náà, kí wọn má baà máa ha ara wọn. Bí ajá bá ti ń dàgbà sí i, ohun rírọ̀ yìí a máa jẹ díẹ̀díẹ̀, oríkèé a sì máa dun ajá. Bí ajá bá sùn pẹ́, oríkèé náà a le. Bí ó bá rìn díẹ̀, a tún rọ̀. Ìdí nìyí tí ìtiro náà fi ń lọ tí ó sì ń bọ̀. Bí ẹ bá ní ìyá àgbà tí ó máa ń di orúnkún mú kí ó tó dìde lórí àpótí, irú làkúrègbé bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìyá àgbà lè sọ ibi tí ó ń dun òun. Ajá kò lè sọ.

Nítorí náà, àwa ni a óò wò ó. Ẹ jẹ́ kí ajá rìn lọ, kí ó rìn bọ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ iwájú ni ó ń dùn ún, yóò gbé orí sókè nígbà tí ẹsẹ̀ náà bá kan ilẹ̀, yóò sì tẹ orí wálẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ kejì bá kan ilẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí àgbàlagbà tí ajá mọ̀ dáadáa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ̀gún lè ti wọ ibẹ̀. Èékánná lè gùn jù tàbí kí ó ya. Eégbọn náà fẹ́ràn láti fara pamọ́ sí àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ àti inú etí. Ó ń mu ẹ̀jẹ̀, ó sì lè kó àrùn tí ó ń mú oríkèé wú ran ajá. Kí ọmọdé má ṣe dá ajá yẹ̀ wò o! Ajá tí ara ń ro lè gé ẹni tí ó ń fún un ní oúnjẹ pàápàá jẹ.

Àwọn àgbà Ìdèrè lè bi yín pé, “Ṣé kì í ṣe sòbìyà?” Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Sòbìyà da ìlú wọn láàmú púpọ̀ láyé ọjọ́un, àgbẹ̀ mìíràn kò lè fẹsẹ̀ rìn dé oko rẹ̀. Aràn gígùn bí okùn ni. Inú omi mímu ni ó ti ń wọ ara ènìyàn, ẹsẹ̀ ni ó sì sábà máa ń gbà jáde. Ọdún 2008 ni a rí i kẹ́yìn lára ènìyàn ní Nàìjíríà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí ní ọdún 2013 pé ó ti tán ní ilẹ̀ wa. Ní orílẹ̀-èdè Chad, láti ọdún 2012 ni wọ́n ti ń rí i lára ajá. Ní tiwa, làkúrègbé, ẹ̀gún àti eégbọn ni kí a kọ́kọ́ ronú kàn.

Àrùn tí ó yẹ kí a bẹ̀rù ni dìgbòlugi. Ẹsẹ̀ ajá tí ó ní in lè rọ, itọ́ a máa dà lẹ́nu rẹ̀, ìwà rẹ̀ a sì yí padà. Ẹ má ṣe sún mọ́ ọn. Bí ajá bá gé ènìyàn jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́gán. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a bá ń fún ajá lọ́dọọdún ni ó ń dènà àrùn yìí.

Bí ajá àgbà bá ń tiro nítorí oríkèé, ẹ tẹ́ àpò sí ibi tí ó ń sùn, kí ó má baà sùn lórí sìmẹ́ǹtì tútù. Ẹ má ṣe bọ́ ọ ní àmàlà ní àbọ́jù, nítorí ajá tí ó bá sanra jù ń di ẹrù ru ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kí ó máa rìn díẹ̀díẹ̀. Kí ajá tí ó kéré sí i máa bá ọdẹ lọ sí igbó, kí òun máa ṣọ́ ilé. Ẹ má ṣe fún un ní parasítámọ́ọ̀lù tàbí oògùn ara ríro mìíràn tí ènìyàn ń lò, nítorí ó lè pa á. Dókítà ẹran ni ó mọ èyí tí ó yẹ. Bí ajá kò bá lè fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ rárá, tàbí tí ẹsẹ̀ náà wú, ẹ gbé e lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Eegun lè ti ṣẹ́.

Ìdánrawò
1. Dárúkọ àwọn ìlú Ìbàràpá méje.
2. Kí ni ó fà á tí ajá àgbà fi ń tiro ní òwúrọ̀, tí ó sì ń rìn dáadáa lẹ́yìn náà?
3. Báwo ni a ṣe lè mọ ẹsẹ̀ iwájú tí ó ń dun ajá?
4. Ajá gé ọ̀rẹ́ rẹ jẹ. Kí ni ẹ óò kọ́kọ́ ṣe?
5. Lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú gbólóhùn tìrẹ: oríkèé, eégbọn, ewú, ọyẹ́.
6. Bi àwọn àgbà ilé rẹ ní orúkọ ajá 3 tí wọ́n mọ̀, kí o sì kọ ìtumọ̀ wọn sílẹ̀.