Lẹ́tà sí Fẹ́mi lórí Bọ́ọ̀lù tí Wọ́n Dá Padà

Houston, Texas

Fẹ́mi ọmọ mi,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ gbà. Ìyá rẹ náà ti pè mí, ó ní o fẹ́ sọ bọ́ọ̀lù náà sí ààtàn. Jọ̀wọ́, má sọ ọ́ nù. Gbé e sójú kan ná, kí o fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí yé mi. O dúró lẹ́nu ọ̀nà pápá ìṣeré nígbà tí àwọn eléré ń jáde, o na bọ́ọ̀lù rẹ sí ẹni tí o fẹ́ràn, ó buwọ́ lù ú lójú rẹ, ó dá a padà fún ọ. O wá san owó, o fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ ìbuwọ́lù wò, wọ́n ní àwọn kò lè jẹ́rìí sí i. O ń bi mí pé ṣé onírọ́ ni wọ́n ń pè ọ́ ni. Rárá o. Wọn kò sí lẹ́nu ọ̀nà yẹn pẹ̀lú rẹ. Ìlà tí bírò fà nìkan ló wà níwájú wọn. Wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn èyí tó dá wọn lójú pé ọwọ́ eléré náà ló kọ wọ́n, wọ́n á wo bí ọwọ́ ṣe yára tó, ibi tó ti tẹ bírò mọ́lẹ̀ àti ibi tó ti gbé e sókè, wọ́n á wò ó bóyá ọwọ́ náà ń wárìrì bí ọwọ́ ẹni tó ń wo iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ. Bí ẹni tó jókòó ti tábìlì ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀ kọ́ ni ẹni tó ń rìn lọ sídìí ọkọ̀ ṣe ń kọ ọ́, tí ogún ènìyàn ń pariwo mọ́ ọn, tí bọ́ọ̀lù roboto ń yí lọ́wọ́ rẹ̀, tí tàdáwà bírò sì fẹ́ gbẹ. Báyìí ni ojúlówó ṣe ń kùnà nígbà mìíràn.

Ọwọ́ ènìyàn kì í sì í dúró sójú kan láti èwe dé ogbó. Wo Hakeem Olajuwon, agbábọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀, ọmọ wa tí wọ́n bí sí Èkó lọ́dún 1963. Nígbà tí ẹgbẹ́ Houston Rockets mú un lọ́dún 1984, Akeem ni wọ́n ń kọ. Ọdún 1991 ló ní kí wọ́n máa fi H ṣíwájú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbé bọ́ọ̀lù tí wọ́n kọ Hakeem sí wá, tó ní òun gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójúkojú lọ́dún 1986, ìtàn náà kò dúró. Muhammad Ali, akànṣẹ́ nì, ńkọ́? Cassius Clay ló ń jẹ́ títí di 1964, nígbà tí àìsàn Parkinson sì wọ̀ ọ́ lára, ìbuwọ́lù rẹ̀ kéré sí i, ó sì há. Ẹni tí kò mọ ìtàn ọkùnrin náà lè rò pé ọwọ́ ènìyàn mẹ́ta ni.

O ní kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣiyèméjì tó bẹ́ẹ̀. Fẹ́mi, wọ́n ti jẹ ìyà rẹ̀ rí ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà yìí. Ní nǹkan bí 1997, Tony Gwynn, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká agbábéésìbọ́ọ̀lù San Diego Padres, rí ọjà tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ní San Diego, ó sì mọ̀ pé òun kọ́ lòun kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ dé etí àwọn FBI, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n pè ní Operation Bullpen wáyé, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá ọdún 1999 wọ́n ya wọ ilé àwọn tó ń ṣòwò ayédèrú ìbuwọ́lù. Ọkùnrin kan ní California, Greg Marino, ló ń kọ púpọ̀ nínú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì já fáfá débi pé kò sí orúkọ tí kò lè kọ. Ó kọ ti Babe Ruth, agbábéésìbọ́ọ̀lù tó ti kú láti 1948. Kí bọ́ọ̀lù lè dàbí ti àtijọ́, wọ́n á fi ọ̀dà pa á, wọ́n á sì kì í bọ inú àpò oúnjẹ ajá kí òórùn ọ̀dà lè kúrò lára rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ kọ orúkọ Mother Teresa, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà, sára béésìbọ́ọ̀lù! Púpọ̀ nínú ọjà náà ló ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀, ayédèrú ni ìwé náà pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ọ pé ìwé ẹ̀rí kò ju ẹni tó kọ ọ́ lọ.

Lẹ́yìn rògbòdìyàn yìí ni àjọ béésìbọ́ọ̀lù, MLB, dá ètò tiwọn sílẹ̀ lọ́dún 2001. Ẹlẹ́rìí, tó sábà máa ń jẹ́ ọlọ́pàá tàbí ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìntì, á dúró ti eléré bó ṣe ń kọ ọ́, á lẹ sítíkà tó ní nọ́ḿbà mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn ni mo gbà pé ó dára jù, nítorí ojú ló ṣe é, kì í ṣe àfiwé.

Ṣùgbọ́n ìwọ náà lo ojú. Òótọ́ ni. Ìròyìn ò tó àfojúbà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kó yé ọ ni pé àfojúbà tìrẹ, lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ tà á, ìròyìn lásán ló dà létí ẹni tó fẹ́ rà á. “Ojú mi ló ṣe” ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo oníjìbìtì ń sọ. Ẹni tó ní owó lọ́wọ́ ní ẹ̀tọ́ láti ṣiyèméjì, kò sì yẹ kí o bínú sí i.

Nítorí náà, bí o bá tún lọ, mú ẹnì kan dání kó ya fídíò, kí bọ́ọ̀lù náà hàn kedere pẹ̀lú ọwọ́ eléré lórí rẹ̀, kí fídíò náà má ṣe dá dúró títí ìbuwọ́lù yóò fi hàn gbangba. Fọ́tò ẹni tó ń kọ nǹkan kò tó. Ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn ló ń kọ. Tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ, kọ ọjọ́ àti ibi tí o ti gbà á sínú ìwé kan. Má sì ṣe fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan rẹ kó gbé e wọ inú ọkọ̀ tàbí yàrá ìmúra lọ bá eléré. Tipẹ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ yàrá ìmúra ti ń bá àwọn agbábéésìbọ́ọ̀lù buwọ́ lu bọ́ọ̀lù. Ohun tó bá kúrò lójú rẹ, àní fún ìṣẹ́jú kan, ìwọ náà kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Ibí yìí ló mú mi dé orí ohun tó dùn mí jù. O kọ̀wé pé ọ̀rẹ́ rẹ fún ọ ní bọ́ọ̀lù méjì kí o bá a tà, o sì ti gbé wọn sórí àtẹ pé ìwọ ló gbà wọ́n lójúkojú. O kò sí níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ojúlówó, mi ò bá ọ jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí o jẹ́ kì í ṣe tìrẹ, orúkọ bàbá rẹ lo sì fi jẹ́ ẹ. Ìwọ tí inú ń bí pé wọn kò gba òtítọ́ rẹ gbọ́, báwo lo ṣe fẹ́ kí wọ́n gbà á nígbà tí èyí bá tú?

Kò sí ohun tó ṣe bọ́ọ̀lù tìrẹ. Gbé e sórí pẹpẹ ní pálọ̀, kí àwọn ọmọ rẹ bá a níbẹ̀, kí o sọ fún wọn bó ṣe dé ọwọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n méjì ti ọ̀rẹ́ rẹ yẹn, mo bẹ̀ ọ́, yọ wọ́n kúrò lórí àtẹ lálẹ́ òní, dá wọn padà fún un, kí o sì pè mí bí o bá ti ṣe é. Mi ò ní tíì sùn.

Èmi ni àbúrò bàbá rẹ,
Bàbá Títí