Ẹ̀kọ́ Kẹfà: Ohun Ààbò Àwọn Ẹranko Aláìlágbára

Bíbélì Kíkà: Òwe 30:24-28, 12:10

Òtítọ́ Pàtàkì: Kò sí ẹranko tí kò ní ohun ààbò tirẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó gbà á lọ́wọ́ ẹkùn lè má gbà á lọ́wọ́ ènìyàn.

ÌṢÁÁJÚ
Nínú Bíbélì kíkà wa, a rí gara, ẹranko kékeré tí ó ń gbé inú òkúta. Kò lè bá idì jà, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí yóò sá sí. Ẹ jẹ́ kí a wo mẹ́ta nínú àwọn ẹranko ilẹ̀ wa tí wọ́n ní ọgbọ́n tiwọn.

ÀLÀYÉ
1. Ọmọńlé. Bí ológbò bá dì í ní ìrù mú, a já ìrù náà sílẹ̀. Ìrù yóò máa jà nílẹ̀ bí ẹni pé ó wà láàyè. Kí ológbò tó mójú kúrò, ọmọńlé ti gun ògiri lọ. Ìrù mìíràn yóò hù, ṣùgbọ́n ọ̀rá tí ó kó pamọ́ sínú ti àkọ́kọ́ ti ṣòfò.

2. Òòrẹ̀. Àwọn kan rò pé òòrẹ̀ a máa ta ẹ̀gún rẹ̀ bí ọfà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yóò kọ́kọ́ kìlọ̀: a na ẹ̀gún ró, a mi ìrù kí ó dún, a fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Bí ọ̀tá kò bá gbọ́, yóò fi ẹ̀yìn rìn lù ú, ẹ̀gún a sì dúró sí ọ̀tá lára. Irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti pa kìnnìún rí ní Áfíríkà.

3. Akíka. Kò ní eyín kan ṣoṣo. Ìpẹ́ líle ni ó bò ó, irú ohun kan náà tí èékánná wa jẹ́. Bí ẹkùn bá dé, a ká jọ bí bọ́ọ̀lù, a fi ikùn rẹ̀ tí kò ní ìpẹ́ pamọ́ sí àárín. Ẹkùn a yí i síwá sẹ́yìn títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i: ènìyàn kò ní í tú u. Yóò kàn bẹ̀rẹ̀, yóò gbé e, yóò sì jù ú sínú àpò. Láti 2017 ni òfin àgbáyé ti ka òwò akíka láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn léèwọ̀. Síbẹ̀, ní 2021, àwọn aṣọ́bodè gba ìpẹ́ akíka tí ó lé ní tọ́ọ̀nù 17 ní Èkó.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA
Akíka tí ó ká jọ níwájú wa ti lo gbogbo ohun tí ó ní. Àánú wa nìkan ni odi tí ó kù fún un. Ẹ má ṣe rà á lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹni tí ó rà ni ó ń rán ọdẹ padà sí igbó.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni ọmọńlé pàdánù kí ẹ̀mí rẹ̀ tó yọ?
2. Èéṣe tí ọgbọ́n akíka fi borí ẹkùn, tí kò sì borí ènìyàn?
3. Bí ọdẹ tí ó ní ọmọ láti bọ́ bá gbé akíka wá fún yín rà lọ́sẹ̀ yìí, kí ni ẹ ó sọ fún un?