Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Òǹkọ̀wé

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ ìwé Yorùbá, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ẹ tó fi iṣẹ́ yín lé olóòtú lọ́wọ́, ẹ fún un ní ojú ìwé mẹ́ta, ẹ san owó rẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ó mọ àkọtọ́ ọdún 1974 dunjú, àti bóyá ohùn yín ṣì ń dún níbẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti tún un ṣe.

Ní ti ẹni tí yóò to ìwé, ó máa ń dùn mí púpọ̀ bí mo bá rí ìwé rere tí àmì ohùn rẹ̀ ti ṣí kúrò lórí fáwẹ̀lì. Ẹ ní kí ó tẹ “ọ̀rẹ́” àti “ẹ̀ṣẹ̀” sórí bébà fún yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀.