Bí Eré Bí Eré, Àlàbọrùn Ń Di Ẹ̀wù

Ìkìlọ̀ ni àwọn àgbà sábà máa ń fi òwe yìí ṣe, pé ohun tí a fi ṣeré lè mọ́ni lára. Mímọ́nilára yìí gan-an ni olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá. Hermann Ebbinghaus, onímọ̀ ará Jámánì, há àwọn ègé ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ sórí, ó sì kọ àbájáde rẹ̀ síwèé ní 1885: láàárín ọjọ́ kan, èyí tó ju ìlàjì lọ ti sá lọ, àfi bí èèyàn bá ń padà sí i. Ọmọ wo ló sì ń bẹ olùkọ́ pé kí wọ́n tún àkọ́sórí kà? Eré ló ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Síbẹ̀, gbogbo eré kọ́ ló ń kọ́ni lédè. Ní 2015, Nigel Richards, ọmọ New Zealand, borí nínú ìdíje Scrabble ti èdè Faransé, bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ Faransé. Bí a ṣe ń to lẹ́tà ọ̀rọ̀ nìkan ló há sórí. Eré tí ọmọ lè borí láìmọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kò tíì ṣe é láǹfààní, ìbáà jẹ́ lójú pátákó tàbí lórí fóònù. Àlọ́ àpamọ̀ ni kí a fi ṣe àwòkọ́ṣe. A kì í dárúkọ nǹkan nínú àlọ́. Ìṣesí rẹ̀ là ń sọ, ẹni tó ń gbọ́ ni yóò wá orúkọ rí. Kí olùkọ́ kó òòyà, síbí, ọṣẹ àti kọ́kọ́rọ́ sínú àpò kan. Ọmọ kan á kì ọwọ́ bọ̀ ọ́, á ní, "It is hard. It has teeth." Àwọn yòókù á wá "comb" jáde fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ronú wá jáde bẹ́ẹ̀ ń pẹ́ lọ́kàn rẹ̀ ju èyí tí a kàn ní kó pè tẹ̀ lé wa lọ.

Àwọn kan á ní kíláàsì ọlọ́gọ́ta ọmọ yóò di ọjà. Òótọ́ ni, bí olúkúlùkù bá ń pariwo ìdáhùn. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ orí bẹ́ǹṣì kan bá kọ́kọ́ gbìmọ̀ kí ẹnì kan tó sọ̀rọ̀ fún wọn, ariwo á rọlẹ̀, ojú kò sì ní ti ọmọ tí kò tètè mọ̀ ọ́n. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé bí a bá fi Yorùbá ṣàlàyé eré, Gẹ̀ẹ́sì ọmọ á mẹ́hẹ. Ilé-Ifẹ̀ ti dáhùn èyí. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní iṣẹ́ gbogbo fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́wọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi Yorùbá la òfin eré yé wọn, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe é, kí ẹ sì tún gbé àpò kan náà jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.