Àpótí Ìmọ̀: Káàdì ẹ̀dínwó tàbí páàsì?

Rélùwéè kò dé Adó-Èkìtì títí di òní. Ọdún 1907 ni irin dé Òṣogbo, ṣùgbọ́n kò yà sí Èkìtì. Abájọ tó fi jẹ́ pé òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ọmọ Adó, Ìyìn àti Ìgèdè ti ń kọ́ ìṣirò káàdì ẹ̀dínwó àti páàsì ọkọ̀ ojú irin.

Káàdì ẹ̀dínwó kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ló ń dín kù. Ní Ìlú Ọba, £35 ni 16-25 Railcard fún ọdún kan láti 2025, ó sì ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta. Akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò kíkún tó ti lé ní ọdún 25 náà lè gbà á. Bí owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ láàárín ọdún, kí wọ́n tó yọ ẹ̀dínwó, bá ti kọjá £105, káàdì ti san owó ara rẹ̀.

Páàsì ní tirẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì gan-an ni: o sanwó lẹ́ẹ̀kan, o sì ń wọkọ̀ fún iye ọjọ́ tí o rà. Ibi tí èèyàn ń gbé ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ìwé ìrìnnà rẹ̀. Ọmọ Adó tó ń gbé ní London, Interrail, páàsì àwọn tó ń gbé ní Yúróòpù, ni yóò rà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti Adó wá kí i, Eurail, ti àwọn tí kò gbé ní Yúróòpù. (Páàsì kì í ṣe físà o!) Ọkọ̀ TGV ilẹ̀ Faransé tún ń gba owó ìjókòó lọ́tọ̀, èyí tí àwọn tó ń polówó páàsì kì í fẹ́ pariwo.

Bí ìlú kan ṣoṣo lo máa jókòó sí, má wulẹ̀ ra páàsì.